Ìléru Lójú Òfuurufú: Ìtàn Àwọn Tó Lọ Mú Kírísítálì Hù Níbi Tí Nǹkan Kì í Wúwo

Ní ọdún 1916, Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, onímọ̀ kẹ́míkà kan sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ AEG nílùú Berlin. Jan Czochralski ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Pólàǹdì ni, ìlú Kcynia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1885, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ àkóso Jámánì. Ìtàn tí àwọn oníṣẹ́ kírísítálì ń sọ fún ara wọn títí di òní ni pé ó ń kọ̀wé lọ́wọ́, ó fẹ́ ti kálàmù bọ inú tàdáwà, ó bá ṣèèṣì tì í bọ inú àwo tánganran yíyọ́ tó wà nítòsí. Nígbà tó fà á yọ, fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀lé ẹnu kálàmù náà jáde, ó sì dì lójú ẹsẹ̀. Ẹlòmíì ì bá nù ún dànù. Czochralski yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé fọ́nrán ọ̀hún kò dà bí irin tí a mọ̀, èyí tó jẹ́ àkójọ ọ̀pọ̀ hóró tó lẹ̀ mọ́ra. Odindi kírísítálì kan ṣoṣo ni. Átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò tẹ̀léra lọ́nà kan náà láti orí dé ìdí. Ọdún 1918 ló tẹ ìwádìí náà jáde. Ohun tó ń wá nígbà yẹn kò ju pé kó mọ bí irin yíyọ́ ṣe ń yára dì tó.

Ó tó ọgbọ̀n ọdún kí ayé tó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní Bell Labs ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe transistor àkọ́kọ́ láti ara germanium. Germanium àti silicon wà lára àwọn èròjà tí a ń pè ní sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí iná mànàmáná kọjá fàlàlà bíi bàbà, wọn kì í sì í dí i pa pátápátá bíi gíláàsì. Ẹni tó bá mọ iye èròjà àfikún tó yẹ kó fi sínú wọn ló máa pinnu ibi tí iná yóò gbà àti ibi tí kò ní gbà. Ṣùgbọ́n bí kírísítálì wọn bá jẹ́ àlẹ̀pọ̀ hóró, iná á máa ṣẹ́rí, á máa ṣòfò ní oríkèé wọn. Gordon Teal tẹnu mọ́ ọn ní Bell Labs pé odindi kírísítálì ni kí wọ́n máa lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kọ́kọ́ kà á sí. Lọ́dún 1948, òun àti John Little lo ọgbọ́n Czochralski: wọ́n ti irúgbìn kírísítálì kékeré kan bọ ojú germanium yíyọ́, wọ́n sì ń fà á sókè díẹ̀díẹ̀ bó ti ń dì. Ọ̀nà yìí náà ni wọ́n ń gbà fa èyí tó pọ̀ jù nínú silicon tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà wa lónìí.

Czochralski kò jẹ nínú ògo náà. Ó ti kó lọ sí Warsaw ní ìparí àwọn ọdún 1920, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó bá àwọn ará Jámánì lẹ̀dí àpò pọ̀. Ìwádìí ilé ẹjọ́ dá a láre, síbẹ̀ yunifásítì kò gbà á padà. Ó kó lọ sí Kcynia ìlú rẹ̀, ó ń ṣe ohun ìpara àti nǹkan èlò ilé tà, ó sì kú lọ́dún 1953. Ọdún 2011 ni yunifásítì náà tó wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyà tó jẹ ọkùnrin yìí ń dùn mí, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn yìí tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ gbé iṣẹ́ ọ̀hún kúrò lórí ilẹ̀.

Ohun tó ń yọ àwọn oníṣẹ́ kírísítálì lẹ́nu ni ìwúwo. Nínú èròjà yíyọ́, ibi tó gbóná máa ń fúyẹ́ ju ibi tó tutù lọ. Èyí tó fúyẹ́ á gòkè, èyí tó wúwo á sọ̀ kalẹ̀, wọn á sì máa yí po bí ẹ̀wà ṣe ń yí nínú ìkòkò lórí iná. Ìyípo yìí kì í dúró lójú kan. Ó ń yára, ó ń falẹ̀, ooru tó ń kan ojú ibi tí kírísítálì ti ń dì ń lọ sókè sódò láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Bí ìdì náà bá yára, èròjà àfikún á wọlé ní ìwọ̀n kan. Bó bá falẹ̀, á wọlé ní ìwọ̀n mìíràn. Tí wọ́n bá wá gé kírísítálì náà, tí wọ́n dán ojú rẹ̀, tí wọ́n sì da ásíìdì sí i, ìlà wẹ́wẹ́ á yọ lára rẹ̀, ọ̀kan lé ọ̀kan, kò síbi tí kò sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹ̀rí pé iná mànàmáná kò ní rìn bákan náà ní ibi méjì nínú kírísítálì kan ṣoṣo.

Ìwúwo tún ń ṣe ibi mìíràn. Nínú àdàlù tí èròjà kan ti wúwo ju èkejì lọ, èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀. Ó tún ń tẹ èròjà yíyọ́ mọ́ ara ìgò tó wà nínú rẹ̀, kírísítálì á dì mọ́ ara ìgò, á gba àbàwọ́n, nígbà tó bá sì ń tutù, ìfúnpá ara ìgò á da ètò átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ rú.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn lọ sí gbalasa òfuurufú, àwọn kan bi ara wọn léèrè pé bí ìwúwo bá kúrò ńkọ́? Kì í kúkú ṣe pé òòfà ilẹ̀ kò dé òkè lọ́hùn-ún. Níbi tí ibùdó òfuurufú àgbáyé ń gbà kọjá, nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, òòfà ilẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó jẹ́ níbí. Ọkọ̀ náà ń ṣubú ni, ṣùgbọ́n eré tó ń sá pọ̀ débi pé ilẹ̀ ń tẹ̀ kọ́rọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bó ti ń ṣubú. Ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ ń bá a ṣubú lọ pọ̀, kò sí èyí tó ń tẹ èkejì. Ìwúwo tó kù níbẹ̀ lè má ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan lọ. Gbígbóná kò ní gòkè mọ́, wíwúwo kò ní rì mọ́.

Àwọn ará Soviet ló kọ́kọ́ yọ́ irin níbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, Valery Kubasov àti Georgi Shonin gbé ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Vulkan lọ nínú Soyuz 6. Ilé ìwádìí Paton ní Kiev ló ṣe é. Kubasov fi í jó irin pọ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Kírísítálì kọ́ ni wọ́n wá ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi han gbogbo ayé pé irin lè yọ́, kó sì dì, lókè yẹn. A ó tún pàdé Kubasov níwájú.

Ibi tí ìtàn náà ti di ti kírísítálì gan-an ni Skylab, ibùdó òfuurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé sókè ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1973. Ìléru oníná mànàmáná kan wà nínú rẹ̀, àwọn arìnrìnàjò á sì máa ki ìgò onírin tí èròjà wà nínú rẹ̀ bọ inú ìléru náà, wọn á yọ́ ọ, wọn á jẹ́ kó dì, wọn á kó o wálẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Nínú àwọn tó ni ín, àwọn méjì ni mo fẹ́ dúró lé lórí: Harry Gatos àti August Witt, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Indium antimonide ni wọ́n lò, sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ kan tí kò nílò ooru púpọ̀ kó tó yọ́, tí wọ́n sì fi tellurium díẹ̀ kún. Wọ́n kọ́kọ́ fa kírísítálì rẹ̀ jáde lórí ilẹ̀, lọ́nà ti Czochralski, wọ́n wá dì í pa sínú ìgò quartz. Nígbà tí ó dé Skylab, ìléru yọ́ apá kan kírísítálì náà, ó fi apá kejì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n wá ń dín ooru kù díẹ̀díẹ̀, apá tó yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà láti ara èyí tí kò yọ́. Báyìí ni ara kírísítálì kan ṣoṣo ṣe ní ìtàn méjì: ìdí rẹ̀ hù lórí ilẹ̀, orí rẹ̀ hù níbi tí nǹkan kì í wúwo.

Nígbà tó padà dé Massachusetts, wọ́n là á lóòró, wọ́n dán ojú rẹ̀, wọ́n sì da ásíìdì sí i. Ní apá tó hù lórí ilẹ̀, ìlà wẹ́wẹ́ kún ibẹ̀ bámúbámú. Wọ́n ń tọ ìlà náà lọ lábẹ́ awò títí wọ́n fi kan ibi tí ìléru Skylab yọ́ ọ dé. Níbẹ̀ ni ìlà ti dáwọ́ dúró. Láti ibẹ̀ lọ, ojú kírísítálì náà mọ́ nigín, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ tí èròjà àfikún fi ń wá ìwọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n kan náà ló wà dé òpin. Lójú tèmi, kò tíì sí àwòrán kan nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó lágbára tó ìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò nílò ìṣirò kankan kó tó mọ ohun tí ìwúwo ti ń ṣe láti ọjọ́ tí èèyàn ti ń yọ́ irin.

Ohun mìíràn wà lára kírísítálì yẹn tí ọ̀pọ̀ kò kà sí nígbà náà. Kò lẹ̀ mọ́ ara ìgò rẹ̀ bí ti orí ilẹ̀ ṣe ń lẹ̀. Ó jìnnà díẹ̀ sí i, orí ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín kan ló fi ń kan ìgò. Ó máa tó nǹkan bí ogún ọdún kí wọ́n tó rí èrè ìyẹn.

Àwọn yòókù tó rán ẹrù lọ sí Skylab náà rí nǹkan. Heribert Wiedemeier láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rensselaer mú kírísítálì germanium selenide hù láti inú oru, tiẹ̀ tóbi ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Àwọn arìnrìnàjò tó gbẹ̀yìn kúrò nínú ibùdó náà ní oṣù Kejì ọdún 1974. Ó ń yí ayé po lásán títí di oṣù Keje ọdún 1979, tó já, tí àfọ́kù rẹ̀ sì bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà.

Láàárín ìyẹn, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1975, Apollo ti Amẹ́ríkà àti Soyuz ti Soviet so kọ́ra lójú òfuurufú. Gbogbo ayé ló rí Thomas Stafford àti Alexei Leonov tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ohun tí àwòrán náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn ni pé ìléru kan wà nínú ìgbòkègbodò yẹn, pé ẹrù àwọn ará Soviet wọ inú ìléru Amẹ́ríkà, àti pé ẹnì kejì Leonov nínú Soyuz ni Kubasov, ọkùnrin ajórin ọdún 1969. Gatos àti Witt tún rán germanium lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ń fi iná mànàmáná ta kírísítálì náà jí láti ìgbà dé ìgbà bó ti ń dì, kí àmì lè wà lára rẹ̀ fún ìṣirò. Àmì náà fi hàn pé ìdì ọ̀hún kò yára bákan náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti wá ń hàn báyìí pé kí ìwúwo kúrò nìkan kò tó. Ìléru fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé.

Lẹ́yìn Apollo, Amẹ́ríkà kò rán èèyàn sókè mọ́ títí di ọdún 1981. Pápá wá ṣófo sílẹ̀ fún Soviet. Wọ́n gbé Salyut 6 sókè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1977, nígbà tó sì di oṣù Kìíní ọdún 1978, Progress 1, ọkọ̀ akẹ́rù tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, gbé ìléru kan tó ń jẹ́ Splav wá fún Yuri Romanenko àti Georgy Grechko. Ẹnu ihò tó kọjú sí ìta ni wọ́n gbé e sí, kí ooru rẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ jáde sí gbalasa. Òmíràn tó ń jẹ́ Kristall tún tẹ̀ lé e. Bí Splav bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n á pa àwọn ẹ̀rọ tó ń darí ibùdó náà, wọ́n á jẹ́ kó máa fò lọ bó ṣe wù ú, nítorí pé ìmìtìtì kékeré lásán tó ti ara ẹ̀rọ wá lè da ojú ìdì kírísítálì rú.

Ohun tí wọ́n fẹ́ jù lọ ni àdàlù cadmium, mercury àti tellurium, tí wọ́n fi ń ṣe ojú ẹ̀rọ tó ń rí ooru nínú òkùnkùn. Àwọn ológun fẹ́ ẹ, àwọn tó ń wo ìràwọ̀ náà fẹ́ ẹ. Lórí ilẹ̀, wàhálà ni àdàlù yìí, nítorí mercury wúwo, ó sì ń fẹ́ di oru. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1978, Mirosław Hermaszewski, ọmọ Pólàǹdì àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú, bá Pyotr Klimuk gun Soyuz 30 lọ sí Salyut 6. Iṣẹ́ tí ilé ìwádìí ìlú rẹ̀ fi rán an, tí wọ́n sọ ní Sirena, ni kí ó mú kírísítálì àdàlù yẹn hù nínú Splav. Ọmọ orílẹ̀-èdè Czochralski ló ń ṣe é, ní ọdún tó jẹ́ ọgọ́ta ọdún gééré tí Czochralski tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ìtìjú ẹ̀sùn yẹn kò tíì kúrò lórí ọ̀gá náà ní ìlú rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló kan Kúbà. Arnaldo Tamayo Méndez, ọmọ Guantánamo, ni wọ́n yàn. Wọ́n bí i ní ọdún 1942, òbí rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ó nu bàtà fún èèyàn nígboro kó tó di awakọ̀ òfuurufú ológun. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980, òun àti Romanenko gbéra nínú Soyuz 38. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé òfuurufú, ọdún mẹ́ta kí Guion Bluford ti Amẹ́ríkà tó lọ.

Lára ẹrù rẹ̀ ni iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ ní Azúcar, ìyẹn ṣúgà. Wọ́n fẹ́ mọ bí kírísítálì ṣúgà ṣe ń hù níbi tí ìwúwo kò sí. Sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ kọ́ ni ṣúgà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sáré kọjá níbí. Nítorí ìrèké ni wọ́n ṣe kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ Yorùbá. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Inú oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn lo ìgbésí ayé wọn sí, wọ́n ń gé e, wọ́n ń fún un, wọ́n ń se omi rẹ̀ lórí iná nínú agbada títí kírísítálì ṣúgà á fi yọ, ọ̀sán òun òru, lábẹ́ pàṣán. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin níbẹ̀. Ọdún 1980 ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù yẹn kan náà jókòó sójú òfuurufú, tó ń wo kírísítálì ṣúgà, tó jẹ́ pé ìmọ̀ ni wọ́n ń fi ṣe. Mi ò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ ètò náà ro èyí. Èmi rò ó, ó sì jọ mí lójú.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti yí padà la dé yìí. Ní yunifásítì Freiburg ní Jámánì, Rudolf Nitsche àti Achim Eyer fẹ́ lo silicon fúnra rẹ̀, èyí tó nílò ooru tó lé ní dígírì 1,400 kó tó yọ́. Wọn kò fi í sínú ìgò rárá. Ọ̀pá silicon ni wọ́n lò. Wọ́n fi iná gílóòbù àti dígí ṣọ́ ibì kan lára ọ̀pá náà títí ibẹ̀ fi yọ́, èyí tó yọ́ á wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ tí kò yọ́, wọn á sì máa sún un lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí ilẹ̀, ìwúwo kì í jẹ́ kí irú ohun bẹ́ẹ̀ tóbi, nítorí pé ibi tó yọ́ á ro sílẹ̀. Wọ́n rán an lọ pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì TEXUS tí wọ́n ń yìn láti Kiruna ní àríwá Swídìnì, èyí tí ìṣubú rẹ̀ ń fúnni ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà láìsí ìwúwo. Wọ́n tún rán an lọ nínú Spacelab, yàrá ìwádìí inú ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní ìparí ọdún 1983.

Wọ́n là á, wọ́n da ásíìdì sí i. Ìlà kún ibẹ̀.

Ẹ wo bí èyí á ṣe rí lára àwọn tó ti ń retí ojú mímọ́ bíi ti Skylab. Ìwúwo ti lọ, ìlà kò lọ. Ohun tó fà á ni pé èròjà yíyọ́ wọn kò sí nínú ìgò. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbangba. Ojú omi èyíkéyìí máa ń fa ara rẹ̀ le, ibi tó tutù sì ń fà ju ibi tó gbóná lọ. Nítorí náà, ojú silicon yíyọ́ náà ń sá láti ibi tó gbóná lọ síbi tó tutù, ó sì ń wọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Carlo Marangoni, ará Ítálì, ti kọ̀wé nípa irú ìṣàn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1865, ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀, ìṣàn tí ìwúwo ń fà ló bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Freiburg wá jẹ́ kí awọ oxide fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú silicon náà kí ó má lè sá mọ́, wọ́n tún rán an lọ. Ìlà pòórá.

Èyí ni mo kà sí ohun tó níye lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni wọ́n rò pé àwọn ní. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò, òmíràn tó ti sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ jáde sí gbangba, tó jẹ́ pé inú ìléru orí ilẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń fa silicon lórí ilẹ̀ wá mọ ohun tí wọ́n á máa fi sínú ìṣirò wọn.

Ní Ṣáínà, obìnrin kan ti ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún nígbà tó kàn án. Lin Lanying ni, ọmọ Putian ní ìpínlẹ̀ Fujian, tí wọ́n bí lọ́dún 1918. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Pennsylvania lọ́dún 1955, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1957, ó padà sílé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ní Ṣáínà ni pé àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà tú ẹrù rẹ̀ wò nígbà tó ń lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí ìgò oògùn rẹ̀, ibẹ̀ ni germanium àti silicon tó ń gbé lọ sílé wà. Lọ́dún 1958, àwọn tí ó ń darí fa odindi kírísítálì silicon jáde ní Beijing. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1987, ó fi ìléru sínú sátẹ́láìtì tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, èyí tó ń padà wálẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì mú kírísítálì gallium arsenide hù nínú rẹ̀. Àwọn tó kù ń lo ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn. Òun lo agolo kan tó ń já bọ́ padà sí Ṣáínà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi kírísítálì láti òkè ṣe ẹ̀yà ẹ̀rọ iná, wọ́n sì dán an wò. Ó kú lọ́dún 2003.

Ìrètí òwò pọ̀ láyé ìgbà yẹn. Wọ́n ń sọ nípa ilé-iṣẹ́ tí wọ́n á kọ́ sójú òfuurufú, tí ẹrù rẹ̀ á máa wá sọ́jà bí ẹrù mìíràn. Ní ọdún 1990, Soviet so yàrá ńlá kan tí wọ́n sọ ní Kristall mọ́ ibùdó Mir, ìléru bíi Krater, Optizon àti Zona wà nínú rẹ̀. Kò pé ọdún méjì tí Soviet fúnra rẹ̀ túká. Ní Houston, Alex Ignatiev àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe ohun mìíràn tó yàtọ̀: àwo irin róbótó kan tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 3.7. Bó ti ń sáré lọ, ó ń gbá ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù lókè dànù, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì mọ́ kọjá ohun tí ẹ̀rọ fífa afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ sábà ń ṣe. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n ti ń to gallium arsenide ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ní 1994, 1995 àti 1996. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò lè tú u sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó gbé e. Nígbà kẹta ló tó ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sùn. Láti ọdún 1966 ni H. P. Utech àti Merton Flemings ti fi hàn ní MIT pé bí wọ́n bá fi òòfà alágbára yí èròjà yíyọ́ ká, ìyípo inú rẹ̀ á rọlẹ̀, ìlà á sì dín kù. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn ilé-iṣẹ́ ní Japan ti ń fa silicon láàárín òòfà. Lónìí, odindi kírísítálì silicon tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 300, tó wúwo ju 100 kìlógíráàmù lọ, ń jáde lójoojúmọ́. Èyí tó ń ti òkè wá kò ju ìka ọwọ́ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé owó nìkan ló pa òwò náà. Ìmọ̀ tí wọ́n rí lókè wà lára ohun tó mú kí ti ilẹ̀ dára débi tí wọn kò fi nílò ti òkè mọ́.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí ilẹ̀ kò rí tiwọn ṣe. Ní ọdún 1992, Columbia, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, lo ọ̀sẹ̀ méjì lókè. David Larson ní àdàlù cadmium, zinc àti tellurium nínú ìléru tó wà níbẹ̀. Kírísítálì rẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí ara ìgò ní àwọn ibì kan, bíi ti Skylab. Níbi tí kò ti kan ìgò, àbùkù inú ètò átọ́ọ̀mù rẹ̀ kéré jọjọ sí ti orí ilẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bí wọ́n á ṣe mú kírísítálì yẹra fún ìgò lórí ilẹ̀ pẹ̀lú.

Columbia yẹn kan náà ló gbé Spacelab àkọ́kọ́ lọ́dún 1983, òun ló gbé ti Jámánì lọ́dún 1993, òun ló tún gbé ìléru lọ lọ́dún 1995. Kò sí ọkọ̀ tó ṣe iṣẹ́ yìí tó o. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2003, ó fọ́ yángá lókè Texas nígbà tó ń padà bọ̀ láti ìrìnàjò ìwádìí mìíràn, àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ ibùdó àgbáyé. Ní ọdún 2002, Peggy Whitson ti lo ìléru kan níbẹ̀ tí Aleksandar Ostrogorsky ṣètò rẹ̀, tí ara rẹ̀ mọ́ gaara débi pé kámẹ́rà ń rí inú. Indium antimonide ni wọ́n tún fi síbẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ni ìwádìí jókòó sílẹ̀, ó ń wo irúgbìn rẹ̀ bó ti ń yọ́ lókè, ó sì lè ní kí wọ́n dín ooru kù kí ó tó yọ́ tán. Yasuhiro Hayakawa láti yunifásítì Shizuoka ní Japan mú àdàlù indium, gallium àti antimony hù níbẹ̀, ó sì rí i pé ti òkè yára hù ju ti ilẹ̀ lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ kò retí.

Ọ̀rọ̀ òwò tún ti ń padà bọ̀. Ilé-iṣẹ́ Space Forge ní Cardiff, ní Wales, fẹ́ ṣe èròjà sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ nínú sátẹ́láìtì kékeré tí kò sí èèyàn nínú rẹ̀, bíi ti Lin. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé ti àkọ́kọ́ láti Cornwall ní oṣù Kìíní ọdún 2023 kò dé ibi tó ń lọ, ẹrù náà sì ṣòfò. ForgeStar-1 lọ láti California ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ó sì dé. Wọ́n kò ṣe é láti gbé nǹkan kan padà wálẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó padà, pẹ̀lú asà ooru tí wọ́n ń pè ní Pridwen.